Iṣẹ́ ọjà títà tí kò ní owó oṣù: Ta ló ń ru ewu ibẹ̀?

Ní oṣù Keje ọdún 2024, Ààrẹ Bola Tinubu buwọ́ lu òfin tó sọ owó oṣù òṣìṣẹ́ tó kéré jùlọ ní Nàìjíríà di 70,000 náírà. Àwọn kan ní owó náà kò tó, àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ kan ń wá ọ̀nà tí wọn yóò fi san án. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ wà tí àríyànjiyàn náà kò kàn rárá. Àwọn ni ilé-iṣẹ́ gbà láti máa bá a ta ọjà, tí wọ́n sì sọ fún lọ́jọ́ àkọ́kọ́ pé ohun tí wọ́n bá tà ni wọn yóò jẹ.

Irú iṣẹ́ yìí ló sábà máa ń kọ́kọ́ ṣílẹ̀kùn fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ìlú tán. Ilẹ̀ títà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ìwé adójútòfò, ètò ìlera, àkáǹtì bánkì, ẹ̀rọ POS àti iná oòrùn. Ìpolówó wọn jọra: ilé-iṣẹ́ ń wá aṣojú ọjà, kò sì sí òdiwọ̀n sí iye tí ènìyàn lè rí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe irọ́. Ohun tí ìpolówó kì í sọ ni pé bí kò ti sí òdiwọ̀n lókè, bẹ́ẹ̀ náà ni kò sí ilẹ̀ tí ẹsẹ̀ lè tẹ̀ nísàlẹ̀.

Ibi tí òfin ti yọ wọ́n sílẹ̀

Òfin owó oṣù tó kéré jùlọ ti ọdún 2019, èyí tí òfin ọdún 2024 tún ṣe, ní abala kẹrin tó ka àwọn tí kò kàn. Ilé-iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó 25 wà níbẹ̀. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ fún ìwọ̀nba wákàtí wà níbẹ̀, àti àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ìgbà dé ìgbà bí iṣẹ́ oko. Ilé-iṣẹ́ tó ń san owó ní ìdá lórí ọjà tí òṣìṣẹ́ bá tà, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní kọmíṣàn, náà wà níbẹ̀.

Òfin Iṣẹ́, tó ti wà láti àkókò ìjọba ológun ní àwọn ọdún 1970, tún lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Òfin náà pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ fún òṣìṣẹ́ ní ìwé tó sọ bí iṣẹ́ àti owó rẹ̀ ṣe rí kí oṣù mẹ́ta tó pé. Ṣùgbọ́n nígbà tó ń ṣàlàyé ẹni tí a lè pè ní òṣìṣẹ́, ó yọ àwọn aṣojú àti àwọn tó ń rìnrìn-àjò láti ta ọjà kúrò, níwọ̀n ìgbà tí iṣẹ́ wọn bá ti wà lẹ́yìn òde ọgbà agbanisíṣẹ́.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro láti rí. Ẹni tó ń gbé ọjà kiri láti ìlú dé ìlú ló ń darí àkókò ara rẹ̀. Òun ló mọ ọjọ́ tí yóò jáde àti ọjọ́ tí yóò sinmi. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ aṣojú ọjà òde òní kò rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ wọn gbọ́dọ̀ wà ní ìpàdé òwúrọ̀ ní aago mẹ́jọ, kí wọ́n wọ aṣọ ilé-iṣẹ́, kí wọ́n fi ibi tí wọ́n wà ránṣẹ́ lórí WhatsApp, kí wọ́n sì kọ ìròyìn iṣẹ́ ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Tí wọn kò bá bá tágẹ́ẹ̀tì, ìwé ẹ̀sùn ń bọ̀. Ilé-iṣẹ́ ń darí wọn bí òṣìṣẹ́, ó sì ń san owó fún wọn bí oníṣòwò. Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro náà wà.

Aláròbọ̀ ní òmìnira tí aṣojú kò ní

Kò sí ohun àjèjì fún Yorùbá nínú jíjẹ èrè orí ọjà ẹlòmíràn. Aláròbọ̀ ti ń ṣe é láti ọjọ́ pípẹ́. Yóò gba ọjà lọ́wọ́ olówó ńlá, nígbà mìíràn ní àwìn, yóò tà á, yóò dá owó rẹ̀ padà, yóò sì mú èrè tó lé lórí. Ewu wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n òun ló ń dá iye tí yóò tà á. Tí ẹ̀wà kò bá tà, ó lè yí sí gàrí. Àwọn oníbàárà rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Tí òun àti olówó ńlá bá tú ká, oníbàárà kì í tẹ̀lé olówó ńlá lọ.

Aṣojú ilé-iṣẹ́ kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ilé-iṣẹ́ ló dá iye owó. Kò lè yí ọjà padà. Orúkọ àti nọ́ńbà fóònù oníbàárà tó fi ẹsẹ̀ wá kiri wọ inú ìwé ilé-iṣẹ́ lọ́jọ́ tó ra ọjà. Ewu oníṣòwò wà lọ́rùn rẹ̀, òmìnira oníṣòwò kò sí lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìṣirò tó yẹ kó ṣáájú

Iṣẹ́ adójútòfò ọkọ̀ fi bí ọ̀rọ̀ náà ṣe rí hàn kedere. Ní oṣù Kìíní ọdún 2023, àjọ NAICOM tó ń mójú tó iṣẹ́ adójútòfò sọ owó ìwé ọkọ̀ àdáni tí àwọn awakọ̀ ń pè ní third party di 15,000 náírà láti 5,000. Ká ní ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún ni kọmíṣàn aṣojú. Ohun tí yóò kàn án lórí ọkọ̀ kan jẹ́ 1,875 náírà. Kí ó tó rí 70,000 náírà lóṣù, ó gbọ́dọ̀ ta ìwé fún ọkọ̀ 38.

Ìyẹn jẹ́ ká tó ka ìnáwó. Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni owó ọkọ̀ ti fò sókè, ilé-iṣẹ́ tí kò sì san owó oṣù kì í sábà san owó ọkọ̀. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere. Ọjà títà náà kò yàtọ̀. Ká ní aṣojú yìí ń ná 2,000 náírà lójúmọ́ lórí ọkọ̀ wíwọ̀ àti dátà, tó sì ń jáde fún ọjọ́ 22 lóṣù. Ìnáwó rẹ̀ ti di 44,000 náírà. Kí 70,000 tó lè kù sí i lọ́wọ́ lẹ́yìn ìyẹn, ó gbọ́dọ̀ ta fún ọkọ̀ 61. Èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọkọ̀ mẹ́ta lójúmọ́, láìsí ọjọ́ àìsàn àti ọjọ́ òjò.

Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ kejì wà. Ìwé ọkọ̀ máa ń parí lọ́dọọdún, ẹni tó rà á lọ́dún yìí sì gbọ́dọ̀ sọ ọ́ dọ̀tun lọ́dún tó ń bọ̀. Aṣojú tó bá ti ní oníbàárà 300 tó ń padà wá yóò máa rí 562,500 náírà lọ́dún lórí wọn, ìyẹn 46,875 lóṣù, kó tó wá oníbàárà tuntun kan ṣoṣo. Ọdún àkọ́kọ́ ni a ń gbìn nínú iṣẹ́ yìí, ọdún tó tẹ̀lé e ni a ń kórè. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe pàtàkì jùlọ kọjá iye kọmíṣàn. Tí aṣojú bá fi iṣẹ́ sílẹ̀, tàbí tí wọ́n bá lé e, ta ni yóò kórè ohun tó gbìn?

Ìlò mọ̀lẹ́bí gẹ́gẹ́ bí owó òwò

Yorùbá ní ènìyàn laṣọ. Nínú iṣẹ́ kọmíṣàn, aṣọ náà ni ilé-iṣẹ́ máa ń kọ́kọ́ ná. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ kò mọ ẹnikẹ́ni lọ́jà, nítorí náà ẹ̀gbọ́n, àǹtí, olùkọ́ àtijọ́ àti àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́ àsálátù ló ń lọ bá. Wọn a rà á nítorí ojú rẹ̀, kì í ṣe nítorí pé wọ́n nílò rẹ̀. Oṣù méjì àkọ́kọ́ a dára. Ní oṣù kẹta, mọ̀lẹ́bí tán, fóònù kò ní ẹni tí yóò pè mọ́.

Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ gan-an ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ìgbà yẹn sì ni ọ̀pọ̀ ń fi í sílẹ̀. Fún ilé-iṣẹ́ tí kò san owó oṣù, ìlọ wọn kò fi bẹ́ẹ̀ dun ún: ọjà ti tà, oníbàárà wà nínú ìwé, ẹlòmíràn yóò sì wá ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tirẹ̀. Fún ọ̀dọ́ náà, ohun tó ná kì í ṣe owó ọkọ̀ nìkan. Tí ilẹ̀ tó tà fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní ẹjọ́ nínú, òun ni wọn yóò máa wò lójú níbi ìnáwó ẹbí, kì í ṣe ọ̀gá tó kọ ìwé ilẹ̀ náà.

Ìlà kan tún wà tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni kọjá láìmọ̀. Kọmíṣàn orí ọjà yàtọ̀ sí kọmíṣàn orí ènìyàn. Tí ó bá jẹ́ pé owó tí àwọn ẹni tuntun ń san láti wọlé ni a fi ń san èrè àwọn tó ti wà níbẹ̀, ọjà kọ́ ni wọ́n ń tà. Ohun tí MMM ṣe nìyẹn kó tó di ọ̀pọ̀ owó mọ́lẹ̀ ní oṣù Kejìlá ọdún 2016, ohun tó sì tún ṣẹlẹ̀ pẹ̀lú CBEX ní oṣù Kẹrin ọdún 2025 kò jìnnà sí i. Òfin ìdókòwò tuntun ti ọdún 2025 sọ irú ètò bẹ́ẹ̀ di ẹ̀ṣẹ̀ tó lè sọ ènìyàn sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́wàá.

Ohun tí agbanisíṣẹ́ ń wí, àti ohun tó wà lẹ́yìn ẹnu ibodè

Àwọn ilé-iṣẹ́ ní àwíjàre tiwọn. Ilé-iṣẹ́ kékeré kò lè san owó oṣù fún ènìyàn ogún kó tó mọ ẹni tó lè tà nínú wọn. Wọ́n ní kọmíṣàn ló jẹ́ kí ẹni tí kò mọ ènìyàn ńlá, tí ìwé ẹ̀rí rẹ̀ kò sì dára, rí àyè wọlé, àti pé àwọn tó mọ iṣẹ́ náà ń gba owó tó ju ti ọ̀gá tó jókòó sí ọ́fíìsì lọ. Òtítọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ yìí. Ọ̀nà kan kò wọjà. Ìbéèrè tó kù ni ìdí tí ẹni tó kéré jùlọ fi ní láti dá ru gbogbo ewu.

Ní Benin àti Togo, ọ̀nà mìíràn wà. Àwọn orílẹ̀-èdè méjèèjì wà nínú àjọ OHADA, tó ní òfin òwò kan fún orílẹ̀-èdè 17. Nínú òfin náà, aṣojú ọjà tó forúkọ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí oníṣòwò ní ẹ̀tọ́ láti gba ìkìlọ̀ kí wọ́n tó fòpin sí àdéhùn rẹ̀. Ó sì ní ẹ̀tọ́ sí owó gbà-má-bínú nígbà tí àdéhùn bá parí, àyàfi tí òun fúnra rẹ̀ bá ṣẹ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá. Kókó ibẹ̀ ni pé òfin gbà pé oníbàárà tí aṣojú wá jẹ́ dúkìá, àti pé òun náà ní ìpín nínú rẹ̀. Nàìjíríà kò sí nínú OHADA.

Èyí kò sọ pé ọ̀nà ti dí pátápátá ní Nàìjíríà. Àtúnṣe kẹta sí Ìwé Òfin orílẹ̀-èdè fún ilé-ẹjọ́ tó ń gbọ́ ẹjọ́ òṣìṣẹ́ ní agbára láti wo ìwà tí kò tọ́ níbi iṣẹ́ àti ìlànà tí gbogbo àgbáyé ń tẹ̀lé. Àjọ ILO sì ti gbani nímọ̀ràn láti ọdún 2006 pé bí iṣẹ́ ṣe ń lọ ní ti gidi ni kí a fi mọ òṣìṣẹ́, kì í ṣe orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé. Ṣùgbọ́n owó ni a fi ń lọ sí ilé-ẹjọ́, ẹni tí kò rí owó ọkọ̀ kò sì níí tètè dé ibẹ̀.

Kí ọ̀dọ́ tó buwọ́ lùwé

Títí òfin yóò fi yí padà, ìwé àdéhùn nìkan ni ààbò tó wà. Ó yẹ kí ìwé náà sọ ọjọ́ tí kọmíṣàn di ẹ̀tọ́: ṣé ọjọ́ tí oníbàárà buwọ́ lùwé ni, àbí ọjọ́ tó san owó tán? Tí oníbàárà bá padà lẹ́yìn, ṣé wọn yóò gba kọmíṣàn padà lọ́wọ́ aṣojú? Ṣé owó ìrìnnà tí wọ́n ń fún un jẹ́ ẹ̀bùn, àbí gbèsè tí wọn yóò yọ nínú kọmíṣàn rẹ̀? Ta ló ni owó àwọn oníbàárà tó padà wá lẹ́yìn tó bá ti lọ? Ó tún dára kí ó béèrè lọ́wọ́ ẹni méjì tó ti ṣe iṣẹ́ náà ju ọdún kan lọ pé èló ni wọ́n gbà ní oṣù kẹrin. Oṣù àkọ́kọ́ kì í sọ òtítọ́.

Ẹni tó bá sì fẹ́ wọ̀ ọ́ gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òwò ni òun ń bẹ̀rẹ̀, àti pé òwò nílò owó ìdókòwò: oúnjẹ àti owó ọkọ̀ oṣù mẹ́ta ó kéré tán. Ẹni tí kò ní in, tí kò sì ní ẹni tí yóò gbé e ró, ni iṣẹ́ yìí máa ń tètè fọ́ lójú, bó ti wù kó mọ ọ̀rọ̀ sọ tó.

Òfin ọdún 2024 sọ pé kí a máa tún owó oṣù tó kéré jùlọ yẹ̀ wò ní ọdún mẹ́ta-mẹ́ta, èyí tó túmọ̀ sí pé ìjíròrò náà yóò padà wá ní 2027. Iye owó ni àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti ìjọba máa ń jà lé lórí. Àwọn aṣojú ọjà kò ní ìdí láti gbọ́ iye náà bí abala kẹrin bá ṣì wà bó ṣe wà, nítorí pé iyekíye tí wọ́n bá fẹnu kò sí, àwọn kọ́ ni wọn yóò san án fún.