Ẹ yé pe orin Ṣadé ní orin òyìnbó

1/ Mo gbé "Smooth Operator" sínú fídíò mi lánàá, ẹnìkan ní kí n fi orin òyìnbó sílẹ̀. Òyìnbó kẹ̀?

2/ Fọláṣadé Adu ló kọ ọ́. Ìbàdàn ni wọ́n bí i sí ní 1959. Orin náà jáde ní Ìlú Ọba ní 1984. Ẹ gbọ́ bí saxophone yẹn ṣe ń rọra wọlé, tí Ṣadé ò sì pariwo rárá.

3/ Seal tó kọ "Crazy" ní 1990 ńkọ́? Olúṣẹ́gun wà nínú orúkọ ẹ̀.

4/ Ẹ ní Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́? Ó dáa. Olówógbowó ni mò ń gbé. Àwọn Sàró tó ti Sierra Leone bọ̀ ló tẹ̀dó síbí láyé ìjọ́un. Wọ́n ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ń jẹ́ orúkọ òyìnbó. Ta ló máa sọ pé wọn kì í ṣe ará Èkó?

5/ Tí wọ́n bá ní Ṣadé gba Grammy ní 1986, ẹ ó ní "ọmọ wa ni." Témi bá wá gbọ́ orin ẹ̀, ó di ti òyìnbó. Ẹ mú ọ̀kan jàre.

6/ Ẹni tó sọdá òkun ò sọ orúkọ ilé nù. Àwa tá a wà nílé la fẹ́ bá a sọ ọ́ nù.