Bí ọmọ bá máa fi kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀, níbo ni ó ń lọ lọ́jọ́ Ajé?

 

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí, kò sí agbo ilé kan lọ́dọ̀ wa tí kò kàn. Ọmọ á dé 4ème, tàbí 3ème, tàbí seconde, á ní òun ò lọ mọ́. Nígbà mìíràn, ọmọ kọ́ ló fẹ́ bẹ́ẹ̀. Owó ló tán nílé, tàbí bàbá ló kú, tàbí ọmọbìnrin ló lóyún, tàbí ọmọ ti tún kíláàsì kan náà ṣe lẹ́ẹ̀mejì, síbẹ̀ moyenne rẹ̀ kò gòkè dé 10 nínú 20.

Ohùn méjì ni a máa ń gbọ́ bí ọ̀rọ̀ bá dà báyìí. Àwọn kan á ní ọmọ náà ti bàjẹ́, wọ́n á sì máa fi orúkọ rẹ̀ dẹ́rù ba àwọn àbúrò rẹ̀. Àwọn kan á ní kò sí wàhálà, ṣebí àwọn tó gba BAC pàápàá ń wa zem kiri ìgboro. Lójú tiwa, ohùn méjèèjì ò tọ́. Kí ọmọ kúrò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kì í ṣe òpin ayé rẹ̀. Ohun tó ń ba ọmọ jẹ́ ni kí ó kúrò níbẹ̀ láìní ibi tí ó ń lọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibi tí púpọ̀ nínú wọn ń lọ. Àwa tí a wà lẹ́nu ààlà mọ̀ ọ́n. Ìdí ẹsáńsì kpayo ni, tàbí orí alùpùpù tó ń kó ẹrù gba ọ̀nà igbó, tàbí Èkó. Owó ibẹ̀ máa ń yá lóòótọ́. Ọmọ ọdún 16 lè ra fóònù ńlá kí ọdún tó yí po. Ṣùgbọ́n okùn owó náà kò sí lọ́wọ́ wa. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 2019, Nàìjíríà ti ààlà pa. Ó di oṣù Kejìlá ọdún 2020 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí i. Ní ìparí oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba tuntun ní Àbújá kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti tán. Láàárín ọjọ́ mélòó kan, owó ẹsáńsì fò sókè lọ́dọ̀ wọn, ó fò sókè lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì láàárín ọdún mẹ́rin ni ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ará Àbújá da oúnjẹ àwọn ọmọ wa nù. Aránṣọ náà jìyà nígbà yẹn, mọlémọlé náà jìyà, ṣùgbọ́n kò sí ìjọba tó lè gba iṣẹ́ ọwọ́ wọn lọ́wọ́ wọn.

Àwọn òbí kan tún gbà pé ọmọ tó bá dúró ní seconde níhìn-ín á kàn sọdá, á sì máa bá ìwé rẹ̀ lọ ní Nàìjíríà. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kò rọrùn bí ẹnu ṣe ń sọ ọ́. Bẹ̀nẹ̀ kò sí nínú àwọn orílẹ̀-èdè WAEC. Faransé ni ọmọ wa fi kọ́ ìṣirò, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò lọ́hùn-ún. Yorùbá tí a jọ ń sọ lọ́jà kò lè gbà á sílẹ̀ nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Àwọn àgbà ní ọ̀nà kan ò wọ ọjà. Ọ̀nà wo ló wá wà?

Àkọ́kọ́, kí ọmọ gba BEPC ná. Ọ̀pọ̀ ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àti ìdánwò ìgbaniṣíṣẹ́ ló ń béèrè ìwé yẹn. Kí ọmọ lo ọdún mẹ́rin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, kí ó wá gbé àpò sílẹ̀ nígbà tí ìdánwò ku oṣù mẹ́ta, òfò ni. Ẹ bẹ̀ ẹ́, ẹ jókòó tì í, kí ó ṣe ìdánwò náà kí ó tó kúrò.

Ìkejì, ẹni tó ti kúrò ní kíláàsì ṣì lè forúkọ sílẹ̀ fún BEPC tàbí BAC gẹ́gẹ́ bí candidat libre. Kì í ṣe gbogbo ẹni tó gba BAC ló fi aṣọ kákí gbà á.

Ìkẹta ni ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ àti ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ. Lísè iṣẹ́ àgbẹ̀ Médji wà ní Sékou. Àjàṣẹ́ tiwa níhìn-ín ni Songhaï wà, èyí tí àlùfáà Godfrey Nzamujo dá sílẹ̀ ní ọdún 1985, níbi tí àwọn ọ̀dọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń sin adìyẹ àti ẹja, bí a ṣe ń gbin nǹkan, àti bí a ṣe ń sọ ohun oko di ohun títà. Ilẹ̀ kò wọ́n wa ní Kétu àti Sábẹ. Ohun tó wọ́n wa ni ọmọ tó mọ ohun tí yóò fi ilẹ̀ ṣe.

Ìkẹrin ni iṣẹ́ ọwọ́, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ wa wúwo sí jù. A ò gbọdọ̀ fi ọmọ ta ọ̀gá lọ́rẹ. Òfin iṣẹ́ ilẹ̀ wa ti ọdún 1998 kò fàyè gba ọmọ tí kò tíì pé ọdún 14. Kí ẹ̀yin àti ọ̀gá kọ àdéhùn sórí ìwé: ọdún mélòó, eélòó, kí ni ọmọ máa mọ̀ kí ó tó kúrò. Ọmọ tó ń fi ọdún kan gbáko pọnmi tó ń tọ́jú ọmọ ìyàwó ọ̀gá kò kọ́ṣẹ́. Ẹ béèrè ètò CQP pẹ̀lú, níbi tí ọmọ ti ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ọ̀gá tó sì tún ń lọ sí ilé ẹ̀kọ́ iṣẹ́, kí ìjọba tó dán an wò. Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ọ̀gá nìkan ló ti kọ́ṣẹ́, CQM wà fún un.

Ẹ̀yin ọ̀gá wa, ẹ fojú àánú wo ọ̀rọ̀ libération. Ọmọ tó ti mọṣẹ́ tán, tó ṣì ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yín nítorí pé kò rí owó ewúrẹ́, ọtí àti aṣọ àjọrà, ta ni ìyẹn ń ṣe láǹfààní? Bí ẹgbẹ́ oníṣẹ́ ọwọ́ ìlú kọ̀ọ̀kan bá lè fẹnu kò lórí iye kékeré kan tí kò gbọdọ̀ kọjá, inú wa á dùn.

Ti ọmọbìnrin tó lóyún ńkọ́? Oṣù mẹ́sàn-án ni oyún, kì í ṣe gbogbo ayé. Ọmọkùnrin tó fún un lóyún ṣì ń lọ sí kíláàsì tirẹ̀, kò sẹ́ni tó dá a dúró. Bí ìyá àgbà bá lè gbé ọmọ pọ̀n, kí ìyá ọmọ padà sídìí ìwé tàbí kí ó lọ kọ́ṣẹ́. Kí a má fi í fọ́kọ nítorí ìtìjú tiwa.

A ò sọ pé kí ẹnikẹ́ni fi ìwé sílẹ̀ o. Ọmọ tó bá lè gba BAC, kí ó gbà á, kí òbí sì ta ohun tó bá ṣeé tà lórí rẹ̀. Òótọ́ ni pé àwọn kan gbà á tí wọ́n ń wa zem, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ilẹ̀kùn bá ṣí, wọ́n ní ohun tí wọ́n á fi wọlé.

Ẹ̀bẹ̀ wa kò ju ẹyọ kan lọ. Lọ́jọ́ tí ọmọ bá ní òun ò lọ mọ́, ẹ má pariwo, ẹ má sì sọ pé kò burú. Ẹ pè é jókòó, kí ẹ bi í léèrè mẹ́ta: Níbo lò ń lọ lọ́jọ́ Ajé? Ta ni yóò kọ́ ọ? Ìwé wo ni wàá mú jáde níbẹ̀? Bí kò bá rí èsì sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kí ó gbé àpò rẹ̀, kí ó padà sí kíláàsì, títí ẹ̀yin àti òun á fi jọ wá èsì náà rí.

Olúwa á jẹ́ kí á jèrè ọmọ o.