Bí Onígbá Bá Ṣe Pe Igbá Rẹ̀

Àwọn àgbà ní bí onígbá bá ṣe pe igbá rẹ̀ ni ayé ń bá a pè é. Òwe yìí ni ó máa ń wá sí mi lọ́kàn nígbà tí mo bá gbọ́ tí àwọn ọ̀mọ̀wé wa ń yin igi ìjẹun méjèèjì tí àwọn ará Ṣáínà fi ń jẹun. Wọ́n ní ohun ọ̀làjú ni. Àwọn kan náà ni ojú ń tì láti fi ọwọ́ jẹ ẹ̀bà, fùfú tàbí túwó níbi àpèjẹ. Èrò wọn ni pé ìyìn àwọn àjèjì ni ó sọ igi yẹn di ohun iyì. Irọ́ gbáà ni.

Igi náà kò ti ọ̀run gbé iyì wá. Nínú ahoro ìlú Yin, ní Anyang, ni àwọn awalẹ̀pìtàn ti rí èyí tí a fi idẹ ṣe, tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti tó 3,000 ọdún. Ohun tí ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà ni pé ìdí ìkòkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ lò ó, láti fi ro oúnjẹ àti láti fi yọ ẹran nínú omi gbígbóná. Ṣíbí ni wọ́n fi ń jẹ ọkà jéró. Láti ayé ìjọba Han ni nóódù àti àwọn oúnjẹ àlìkámà mìíràn ti ń gbilẹ̀, tí igi sì ń gba ipò ṣíbí díẹ̀díẹ̀.

Ta ni ó sọ ọ́ ní orúkọ tí ó ń jẹ́ lónìí? "Zhu" ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ìró orúkọ yìí jọ ti ọ̀rọ̀ tí ó túmọ̀ sí "dúró". Lu Rong, òǹkọ̀wé ayé ìjọba Ming, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn atukọ̀, tí wọn kò fẹ́ kí ọkọ̀ wọn dúró lójú omi, ni wọ́n yí i padà sí "kuai", tí ìró rẹ̀ jọ "yára". Àwọn mẹ̀kúnnù ni wọ́n sọ ọ́ lórúkọ, kì í ṣe àjèjì.

Ó sì ní èèwọ̀. A kì í gún un lóòró sínú abọ́ ìrẹsì, nítorí bí wọ́n ti ń gún tùràrí fún òkú ni ó rí. A kì í fi lu abọ́, nítorí ìṣe alágbe ni. Ìdí abọ́ oúnjẹ ojoojúmọ́ ni ọmọ ti ń kọ́ èyí lọ́dọ̀ àwọn òbí rẹ̀.

Ẹlòmíràn yóò ní agbára owó ni ó mú kí ayé bọ̀wọ̀ fún un. Lóòótọ́ ni pé ní 2018, nígbà tí ilé-iṣẹ́ aṣọ Dolce & Gabbana gbé fídíò jáde, nínú èyí tí obìnrin ará Ṣáínà kan ti ń fi igi ìjẹun bá pizza jà bí òmùgọ̀, ìbínú tí ó tẹ̀ lé e mú kí wọ́n fagi lé àfihàn aṣọ wọn ní Shanghai, àwọn olùdásílẹ̀ rẹ̀ sì tọrọ àforíjì. Owó wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òtòṣì ni Ṣáínà ní 1972, nígbà tí Nixon, Ààrẹ Amẹ́ríkà, bẹ Beijing wò. Àwọn olùgbàlejò rẹ̀ kò tìtorí àlejò ńlá fi igi wọn pamọ́. Nixon ni ó kọ́ bí a ti ń dì í mú, tí ó sì fi jẹun lójú gbogbo ayé. Iyì ti wà kí owó tó dé.

N kò ní kí ẹnikẹ́ni má kọ́ ìlò igi náà. Ohun tí mo ń bá wí ni kí a máa yin èèwọ̀ oníèèwọ̀ kí a sì máa tẹ tiwa mọ́lẹ̀. Ọwọ́ pẹ̀lú ní òfin tirẹ̀: a ń fọ̀ ọ́ kí a tó jẹun, a kì í fi òsì jẹun, ọmọdé kì í sì í ṣáájú àgbà mú ẹran. Ẹni tí ó bá fi igbá ara rẹ̀ kólẹ̀, kí ó má retí pé àlejò yóò fi bu oúnjẹ.