Ẹgbẹ́ Agbábọ́ọ̀lù fún Ìkẹjà àti Agége: Ta Ni Yóò Máa San Owó Oṣù?

 

Láti ìgbà tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ ti gba ife líìgì Nàìjíríà ní 2025, ọ̀rọ̀ kan ni ó gbòde láàárín wa, láti Ọba Akran dé Ọ̀gbà, láti Àgídíngbí dé Agége. Wọ́n ní bí Ìkẹ́nnẹ́ bá lè ṣe é, kí ni ó dí Ìkẹjà lọ́wọ́? Àwọn kan ní kí á dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù tuntun sílẹ̀ fún àgbègbè wa yìí. Àwọn mìíràn tilẹ̀ ní kí ẹ̀ka wa mú nínú owó ẹgbẹ́ tí wọ́n ń yọ lára owó oṣù wa, kí á fi gbé e dìde.

Èmi náà fẹ́ràn bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìfẹ́ bọ́ọ̀lù ni a ń jiyàn lé lórí. Ohun tí ó yẹ kí á bi ara wa ni pé: ǹjẹ́ ẹgbẹ́ náà yóò lè bọ́ ara rẹ̀? Òṣìṣẹ́ ni agbábọ́ọ̀lù. Bí oṣù bá parí, ó gbọ́dọ̀ gba owó. Àwa tí a ń bá ọ̀gá fa wàhálà nígbà tí owó oṣù bá pẹ́, ojú wo ni a ó fi wo ọmọ ọlọ́mọ tí a gbà síṣẹ́ tí a kò rí owó san fún?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ èyí tí ó dára nínú àbá náà. Èrò kò wọ́n wa. Pápá ìṣeré wà ní Agége, tí ó ń gba nǹkan bí 4,000 ènìyàn. Àwọn ọmọ tí ó mọ bọ́ọ̀lù gbá pọ̀ ní gbogbo àdúgbò wa bí ewé orí igi. Bákan náà, kì í ṣe ohun tuntun pé kí òṣìṣẹ́ dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀. Arsenal tí àwọn ọmọ wa ń tìtorí rẹ̀ bá ara wọn jà ní ọjọ́ Sátidé, òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ohun ìjà ní Woolwich, ní Lọ́ńdọ̀nù, ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1886. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ìyókù rẹ̀. Owó ẹnu ọ̀nà kò tó wọn ná ní Woolwich. Ní 1910 gbèsè wọ̀ ọ́ lọ́rùn tí ó fi di pé olówó kan, Henry Norris, gbà á. Ní 1913 ó sì kó o kúrò ní Woolwich lọ sí Highbury, níbi tí èrò gbé wà. Àwọn òṣìṣẹ́ tí ó bí i kò ní in mọ́.

Kí á padà sílé. Ẹ wo àwọn ẹgbẹ́ tí a mọ̀. Stationery Stores, tí olóògbé Israel Adébájọ̀ dá sílẹ̀ ní 1958, gba ife FA ní 1967 àti 1968. Olówó rẹ̀ kú ní 1969. Orúkọ rẹ̀ kò parun, ó tún gba ife náà ní 1982 àti 1990, ó sì gba líìgì ní 1992. Síbẹ̀, àríyànjiyàn lórí ta ni ó ni ín àti ta ni yóò máa náwó sí i ni ó gbé e ṣubú. Leventis United ti Ìbàdàn gba ife FA ní 1984, ó gba líìgì àti ife FA pọ̀ ní 1986. Ní 1987 àwọn tí ó ni ín tú u ká. Abiola Babes ti Abẹ́òkúta gba ife FA ní 1985 àti 1987. Níbo ni ó wà lónìí? Julius Berger gba líìgì ní 1991 àti 2000. Nígbà tí kọ́ńpìnnì náà yọ ọwọ́, ẹgbẹ́ náà pòórá lójú wa.

Ẹ kíyè sí i pé kì í ṣe àìmọ̀-ọ́n-gbá ni ó pa àwọn ẹgbẹ́ wọ̀nyí. Wọ́n ń gba ife, wọ́n sì ń kú. Ohun tí ó pa wọ́n ni pé àpò kan ṣoṣo ni gbogbo wọn ń jẹ nínú rẹ̀. Bí ẹni tí ó ni àpò bá kú, tàbí tí ọkàn rẹ̀ yí padà, tàbí tí ọjà rẹ̀ kò tà mọ́, ó parí. Igi kan kì í dá igbó ṣe. Àwa ará Ìkẹjà kò sì nílò kí ẹnikẹ́ni ṣàlàyé èyí fún wa. Dunlop tí ó ti ń ṣe táyà níhìn-ín láti àwọn ọdún 1960 dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2008. Bí ilé-iṣẹ́ tí ó tóbi tó bẹ́ẹ̀ bá lè ti ilẹ̀kùn, báwo ni a ó ṣe so ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù mọ́ kọ́ńpìnnì kan kí á sì sùn?

Àwọn kan yóò ní kí ìjọba ṣe é nígbà náà. Òótọ́ ni pé owó ìjọba ni ó gbé ẹgbẹ́ tí ó jẹ́ ti gbogbo Ìwọ̀-Oòrùn dìde. WNDC, àjọ ìdàgbàsókè Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, ni a kọ́kọ́ mọ orúkọ rẹ̀ sí, kí ó tó di IICC. Ní 1976, pẹ̀lú Ṣẹ́gun Ọdẹgbàmí àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, ó gba ife àwọn olúborí ife ní Áfíríkà, ẹgbẹ́ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí yóò gba ife ilẹ̀ Áfíríkà. Ṣùgbọ́n ní ọdún kan náà ni wọ́n pín Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn sí Ọ̀yọ́, Ògùn àti Oǹdó. Ẹgbẹ́ náà di ti Ọ̀yọ́, òun ni Shooting Stars tòní. Ẹgbẹ́ tí ìjọba bá ń bọ́, bí ìjọba bá ti yí ni òun náà yóò máa yí. Gómìnà tuntun dé, alága tuntun dé, kóòṣì tuntun dé, owó oṣù kò dé.

Ní Agége wa níhìn-ín, ẹgbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì, MFM, ṣe ipò kejì nínú líìgì ní 2017, ó sì bá wọn díje nínú Champions League Áfíríkà ní 2018. Ní 2022 ó já bọ́ kúrò nínú líìgì àgbà. Sporting Lagos tí Ṣọlá Akínlàdé, ọ̀kan nínú àwọn tí ó dá Paystack sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ ní 2022, gòkè sí líìgì àgbà ní 2023. Ó mọ bí a ti ń ta jẹ́sì àti bí a ti ń pe èrò wá sí pápá. Síbẹ̀ ó já bọ́ ní 2024. N kò sọ èyí láti fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Mo sọ ọ́ kí á lè mọ̀ pé ẹni tí ó lówó tí ó sì lọ́gbọ́n pàápàá ń kọsẹ̀ lójú ọ̀nà yìí.

Ẹ jẹ́ kí á ṣírò rẹ̀ bí a ti ń ṣírò ọ̀rọ̀ owó oṣù kí á tó bá ọ̀gá jókòó. Àpẹẹrẹ ni mo fi ń ṣe, ẹni tí ó bá ní iye tí ó dára ju tèmi lọ kí ó mú un wá. Ogún ẹgbẹ́ ni ó wà nínú líìgì àgbà. Ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbá 19 nílé, ó ń gbá 19 lẹ́yìn odi. Ká ní agbábọ́ọ̀lù 30 ń gba ₦200,000 lóṣù, ₦72 mílíọ̀nù ni lọ́dún. Kóòṣì, dókítà, dírẹ́bà àti àwọn yòókù, ènìyàn mẹ́wàá ní ₦150,000, ₦18 mílíọ̀nù ni. Ìrìn-àjò 19, sí Kánò, sí Màídúgùrí, sí Ábà, bọ́ọ̀sì, ilé àsùn àti oúnjẹ, bí á bá pe ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ₦2 mílíọ̀nù, ₦38 mílíọ̀nù ni. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ ₦128 mílíọ̀nù, a kò sì tíì ra bọ́ọ̀lù tàbí bàtà kan.

Kí ni yóò wọlé? Bí pápá Agége bá kún fọ́fọ́ ní gbogbo ìgbà 19, tí olúkúlùkù san ₦1,000, ₦76 mílíọ̀nù ni. Bí ó bá kún dé ìdajì, èyí tí ó dára púpọ̀ fún ẹgbẹ́ tuntun, ₦38 mílíọ̀nù ni. ₦90 mílíọ̀nù ṣì kù. Láti dí ihò yẹn pẹ̀lú ₦500 lóṣù lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, a ó nílò 15,000 òṣìṣẹ́ tí kò ní yẹ oṣù kan. Mélòó ni wá ní ẹ̀ka yìí? Ẹni tí ó ń gba ₦70,000, èyí tí òfin 2024 sọ pé owó oṣù kò gbọdọ̀ dín sí, ta ni yóò lọ sọ fún un pé kí ó máa san owó oṣù ẹni tí ó ń gbà tó ìlọ́po mẹ́ta tirẹ̀?

Ẹ má sì gbójú lé owó ife. Ẹgbẹ́ tí ó gba líìgì gba ₦100 mílíọ̀nù ní 2023, ₦150 mílíọ̀nù ní 2024, ṣùgbọ́n ẹnìkan ṣoṣo ni ó ń gbé e lọ nínú ogún. Owó tẹlifíṣọ̀n tí ó ń bọ́ àwọn ẹgbẹ́ Gẹ̀ẹ́sì náà kò sí níhìn-ín ní ìwọ̀n tí ènìyàn lè fẹ̀yìn tì. SuperSport tí ó ń gbé líìgì wa sáfẹ́fẹ́ fi í sílẹ̀ ní 2017. Jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹgbẹ́ tuntun kò ní bẹ̀rẹ̀ láti líìgì àgbà. Ìsàlẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, níbi tí èrò kò pọ̀ rárá.

Ǹjẹ́ kò ṣeé ṣe ni? Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kì í ṣe láti ẹnu ọ̀nà pápá. Ẹ wo Remo Stars tí a ń jowú yìí dáadáa. Òótọ́ ni pé ọ̀gá Kúnlé Soname tí ó ni ín kì í ṣe tálákà. Ṣùgbọ́n ó kọ́ pápá tirẹ̀ sí Ìkẹ́nnẹ́, ó dá ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé, ó sì ń tà wọ́n sí òkè òkun. Ẹgbẹ́ náà ti já bọ́ rí, ó sì tún gòkè. Ó ṣe ipò kejì ní 2023 àti 2024 kí ó tó gba ife ní 2025. Sùúrù ni, kì í ṣe ariwo. ASEC ti Abidjan náà bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn ọdún 1990. Láti ibẹ̀ ni Kolo Touré àti Yaya àbúrò rẹ̀ ti jáde. Ní 1999, àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ náà ni wọ́n gbà ife Super Cup Áfíríkà.

Ẹ tún wo Victor Osimhen, ọmọ Olúsosùn, tí kò jìnnà sí wa níhìn-ín. Ilé-ẹ̀kọ́ bọ́ọ̀lù ní Èkó, Ultimate Strikers, ni ó wà kí ó tó lọ sí Jámánì ní 2017. Ní 2025 Galatasaray ti Tọ́kì rà á lọ́wọ́ Napoli ní mílíọ̀nù 75 owó yúrò. Òfin FIFA ni pé kí ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún irú owó bẹ́ẹ̀ lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ tí ó kọ́ ọmọ náà láti ọdún 12 títí dé 23. Ẹgbẹ́ tí ó bá kọ́ ọmọ fún ọdún kan péré láti ìgbà tí ó pé ọdún 16, ìpín tirẹ̀ jẹ́ ìdá kan nínú igba. Nínú mílíọ̀nù 75, yúrò 375,000 ni ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo ọmọ ni yóò di Osimhen, ẹgbẹẹgbẹ̀rún kò ní kúrò ní Agége. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ó lọ sí ẹgbẹ́ kékeré ní Yúróòpù lè mú ju owó ẹnu ọ̀nà ọdún kan wá, bí ìwé wọn bá pé. Ìwé ni mo wí o. Ẹgbẹ́ tí kò bá fi orúkọ ọmọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ bọ́ọ̀lù, tí kò lè fi hàn pé òun ni òun kọ́ ọ, kò ní rí kọ́bọ̀ gbà.

Nítorí náà, ohun tí mo rí nìyí. Èkíní, kí owó ẹgbẹ́ wa má ṣe wọ inú rẹ̀. Owó yẹn ni a fi ń gba lọ́yà fún ẹni tí wọ́n lé lẹ́nu iṣẹ́ láìtọ́, òun ni a fi ń gba ara wa sílẹ̀ lọ́jọ́ ìdaṣẹ́sílẹ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ dá owó bọ́ọ̀lù, kí ó dá a lọ́tọ̀, kí ó gba ìwé pé òun ni ìpín níbẹ̀, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Èkejì, kí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ ọdún 12 sí 17, kì í ṣe pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà tí a ó máa san owó oṣù fún. Kí wọ́n máa lọ sílé-ìwé, kí á sì máa kọ́ wọn ní ìrọ̀lẹ́. Ẹ̀kẹta, kí ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo má ṣe gbé ju ìdá mẹ́rin owó náà lọ, kí ó má baà jẹ́ pé bí ó bá yọ ọwọ́ gbogbo ilé yóò wó. Ẹ̀kẹrin, kí wọ́n máa ka ìwé owó sétí gbogbo wa ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kì í ṣe gbogbo nǹkan ni ó gbọ́dọ̀ mówó wá, pé ìdùnnú òṣìṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ ní iye tirẹ̀. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdùnnú ni a fẹ́ rà, kí á pè é ní ìdùnnú, kí á sọ iye tí a fẹ́ ná, kí á dìbò sí i, kí á má sì ná ju iye náà lọ. Ohun tí kò dára ni kí á pè é ní òwò, kí á kó owó lé e lórí, kí á sì wá máa wá ẹni tí a ó dá lẹ́bi nígbà tí àwọn ọmọ náà bá dúró sẹ́nu ọ̀nà ọ́fíìsì wa tí wọ́n ń bèèrè owó oṣù mẹ́fà.

Ọ̀rọ̀ yìí yóò wá síwájú ìpàdé gbogboogbò wa. Ẹ má jẹ́ kí ariwo Ìkẹ́nnẹ́ gbé wa lọ. Ẹ wá pẹ̀lú bírò àti ìwé, ẹ wá pẹ̀lú ìṣirò tiyín. Ẹni tí ó bá ní kí á dá ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù sílẹ̀, kí á fún un láàyè kí ó sọ̀rọ̀ parí, lẹ́yìn náà kí á bi í ní ìbéèrè kan péré: ní oṣù kẹtàlá, ta ni yóò san owó oṣù?