Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Àwọn àgbà máa ń pa òwe yìí fún ọmọbìnrin tó fẹ́ wọ ilé ọkọ, tàbí fún òbí tó ń fi ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ falẹ̀. Ìwà tí a kò kọ́ nílé, a kò ní rí i yá láàrin àwùjọ. Mo fẹ́ gbé òwe náà lọ síbi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fọkàn sí: ìdí kọ̀ǹpútà alágbèéká tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kíbọ́ọ̀dù níbi àríyá n'Íbàdàn.

Ẹ wọ gbọ̀ngàn àríyá ní Ring Road tàbí Challenge lọ́jọ́ Sátidé, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì ní Bódìjà lọ́jọ́ Àìkú. Fèrè tí ẹ ń gbọ́, tí ẹ kò rí afọnfèrè, inú kọ̀ǹpútà ló ti ń jáde. Olórin á máa ki olówó, owó á máa bọ́ sílẹ̀. Lójijì, sípíkà á dún tá-tá-tá, ohùn á gé, á tún padà. Gbogbo ojú á yí sí ẹni tó jókòó ti kọ̀ǹpútà. Àwọn kan á ní tòkúnbọ̀ tó rà l'Ágbowó ló fà á. Bẹ́ẹ̀ kọ̀ǹpútà tuntun náà a máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìdí rèé. Kọ̀ǹpútà máa ń gé ohùn sí ègé 44,100 tàbí 48,000 láàrin ìṣẹ́jú àáyá kan. Ó ń kó àwọn ègé náà jáde ní ìdì-ìdì, ìdì yìí ni àwọn onímọ̀ ohùn ń pè ní buffer. Bí ìdì kan bá gba ègé 128, kọ̀ǹpútà kò ní ju ìdá mẹ́ta nínú ẹgbẹ̀rún ti ìṣẹ́jú àáyá kan lọ láti fi di èyí tó kàn. Bí kò bá dì í tán lásìkò, àlàfo dé nìyẹn, òun ni etí ń gbọ́ ní tá-tá. Bí a bá sọ ìdì di 512, kọ̀ǹpútà á rí àyè, ṣùgbọ́n ohùn á máa dé lẹ́yìn ìka ẹni tó ń tẹ kíbọ́ọ̀dù. Ẹni tó fẹ́ mọ ibi tó bá orin rẹ̀ mu láàrin méjèèjì, kò lè máa wá a níwájú àlejò.

Nílé la ti ń pa Wi-Fi, la ti ń dá Windows dúró kó má baà máa tún ara rẹ̀ ṣe lásìkò eré. Nílé la ti ń yí ètò bátìrì padà, nítorí bí iná bá lọ, kọ̀ǹpútà a máa dẹwọ́ iṣẹ́ kí bátìrì lè pẹ́. Nílé la ti ń lo ASIO, ètò ohùn kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ Steinberg ní Jámánì gbé jáde ní 1997, kí ohùn lè gba ọ̀nà tó yá. Nílé náà la ti ń yọ cháájà wò: bí ariwo hùùù tó ń dún lábẹ́ orin bá dákẹ́, ọ̀nà iná ló ti wá. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹ fi DI box, àpótí kékeré tó ní bọ́tìnnì tó ń já ìsopọ̀ ilẹ̀, sáàrin kọ̀ǹpútà àti mixer. Ẹ má ṣe gé ẹsẹ̀ kẹta púlọ́ọ̀gì o. Ẹ̀mí ló ń dáàbò bò.

Ṣùgbọ́n ilé tí kò jọ òde kò lè múni ròde. Ọ̀pọ̀ ló ń sọ pé, "Mo dán an wò nílé, ó dára." Ohùn kan ṣoṣo ni wọ́n dán wò, lábẹ́ fáànù, pẹ̀lú cháájà lára kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣí gbogbo ohùn tí ẹ máa lò lóde. Ẹ lu orin yín látìbẹ̀rẹ̀ dópin nínú ooru, kí ẹ yọ cháájà láàrin orin. Àléébù tó bá yọjú níbẹ̀, a ṣì lè tún un ṣe.

Àwọn àyàn mọ èyí tipẹ́. Onígúdúgúdú á sá ìlù rẹ̀ sóòrùn tàbí kó fi iná yá awọ rẹ̀ kó lè le. Oníyàáálù á yẹ ọsán ìlù rẹ̀ wò kó tó gbé e kọ́ èjìká. Iṣẹ́ ni wọ́n ka ìmúra yẹn sí, àwọn tó sì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn ń bá wọn ṣe é.

Ibi tí òwe yìí ti bá wa wí gan-an nìyẹn. Àwa kò ka ìmúra sí iṣẹ́, òde nìkan là ń náwó lé. Ọ̀pọ̀ olórí ẹgbẹ́ ló ń pe oníkọ̀ǹpútà láàárọ̀ ọjọ́ eré, tó ń san owó ọjọ́ kan fún un, tó sì tún ń bú u nígbà tí ohùn bá gé. Ẹni tí a kò fún láyè láti múra, ẹ̀ṣọ́ wo la fẹ́ kó kó ròde? Ẹ pè é ṣáájú ọjọ́ eré, kí ẹ san owó ọjọ́ ìmúra fún un bí ẹ ṣe ń san tọjọ́ eré. Owó yẹn wà lára owó orin.