Ìyàwó Yín Kì Í Ṣe Àjẹ́, Ẹ Yẹ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Wò

 

Ọ̀rọ̀ kan ń jà ràn-ìn lórí ìsọ̀. Àwọn kan ní ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá jẹ́ O, ibà kì í ṣe é. Àwọn kan ní ẹni tó bá jẹ́ A, àrùn ọkàn ni yóò pa á. Òótọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti bu iyọ̀ sí i. Ibà kì í sábà le lára O tó ti àwọn yòókù, àmọ́ ibà ń ṣe é, kó sùn sábẹ́ nẹ́ẹ̀tì. Bí onígbá-méjì bá dé, O ló máa ń le lára jù. Ẹ̀jẹ̀ dídì nínú iṣan fi díẹ̀ pọ̀ lára A, B àti AB. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣọ́ ẹ̀jẹ̀ ríru ju kí wọ́n máa bẹ̀rù lẹ́tà lọ.

Èyí tó ń dun àwa ni negative àti positive tó máa ń tẹ̀lé lẹ́tà yẹn. Bí obìnrin bá jẹ́ negative, tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ positive, ọmọ lè mú ti bàbá. Àkọ́bí sábà máa ń yè. Ṣùgbọ́n nígbà ìbímọ, ẹ̀jẹ̀ ọmọ lè kan ti ìyá, ara ìyá á wá kà á sí ọ̀tá. Bí oyún mìíràn bá dé, tí ọmọ náà tún jẹ́ positive, ara ìyá lè bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà. Ojú ọmọ á di pupa rúsúrúsú, tàbí kó kú sínú.

Ẹ jọ̀ọ́, mélòó nínú wa ni wọ́n ti pè ní àjẹ́ nítorí èyí? Mélòó ni wọ́n sọ ọmọ rẹ̀ ní àbíkú? Abẹ́rẹ́ wà fún un o, anti-D ni wọ́n ń pè é. Láti 1968 ni wọ́n ti ń tà á ní Amẹ́ríkà. Kí wákàtí 72 tó pé lẹ́yìn ìbímọ ni wọ́n ń gún un. Bí oyún bá bàjẹ́ náà, ẹ béèrè rẹ̀. Bí ara ìyá bá ti kọ́ ìjà ná, abẹ́rẹ́ náà kò lè tú u mọ́. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹ tètè mọ̀.

Ẹ má dà á pọ̀ mọ́ genotype. Ìyẹn lọ́tọ̀. AS tó fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ lè jẹ́ SS. Ẹ yẹ méjèèjì wò.

Èrò tiwa ni pé kí ìyá kankan má ra aṣọ ẹbí ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ kó tó mú un lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ bí ìwé owó àjọ. Ẹ̀yin ìyá ọkọ, ẹ béèrè ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó béèrè ọ̀tá.

Ọjà á tà o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́