Ògiri Asawase Tó Ìwé Sáyẹ́ǹsì Kà

Àwọn aláṣẹ a máa sọ pé ọmọ tálákà kò lè mọ sáyẹ́ǹsì àyàfi tí a bá kọ́ yàrá ìṣàyẹ̀wò fún un. Àwáwí ni. Àdúgbò Asawase ní ìlú Kumasi, lórílẹ̀-èdè Gánà, tó ẹ̀rí.

Ní àwọn ọdún 1940, ìjọba amúnisìn kọ́ ọ̀pọ̀ ilé síbẹ̀. Erùpẹ̀ pupa tí wọ́n pò mọ́ sìmẹ́ńtì ni wọ́n fi mọ wọ́n. Bí sìmẹ́ńtì díẹ̀ ṣe ń mú erùpẹ̀ le, kẹ́mísírì ni. Bí ògiri erùpẹ̀ tó nípọn ṣe ń dá ooru ọ̀sán dúró, físíìsì ni. Odò Aboabo tí pàǹtírí dí, tó ń ya wọlé onílé nígbà òjò, báyọ́lọ́jì ni.

Ṣùgbọ́n kí ló dé tí odò fi dọ̀tí lẹ́yìnkùlé àwọn kan ju ti àwọn mìíràn lọ? Ìtàn ló ni ìdáhùn. Àwọn ṣọ́ńgò Kumasi jẹ́ ibùdó àlejò. Yorùbá pọ̀ níbẹ̀ kí àṣẹ ìjọba Busia tó lé wọn ní 1969. Àlejò tí àṣẹ kan lè lé kò lẹ́nu láti béèrè gọ́tà.

Àjọ WAEC ló ń dán ọmọ Gánà àti ọmọ Nàìjíríà wò. Bí ìdánwò rẹ̀ bá ń béèrè ohun tí akẹ́kọ̀ọ́ fúnra rẹ̀ wọ̀n lódò àdúgbò rẹ̀, ọmọ Asawase àti ọmọ Ajégúnlẹ̀ yóò ní ohun tí wọ́n lè sọ. Yàrá ìṣàyẹ̀wò ṣì jẹ́ gbèsè lọ́rùn ìjọba. Kò yẹ kí gbèsè náà di ìdènà ìmọ̀.